Rẹ́díò mọ́tò tó ń kú tó ń jí: Ẹ má tíì sọ ọ́ nù o, wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú!

Àìsàn kan wà tó máa ń ṣe rẹ́díò mọ́tò, kò sì sí awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, àfi ẹni tí kò bá ní rẹ́díò nínú mọ́tò ẹ̀ rárá. Àìsàn ọ̀hún ni kí rẹ́díò máa sọ̀rọ̀ lọ ní tiẹ̀, kí orin dùn débi tí èrò ẹ̀yìn ti ń mi orí, kó sì dákẹ́ lójijì bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Iná ojú ẹ̀ á kú, aago ẹ̀ á kú, kò ní jọ pé ó sọ̀rọ̀ rí láyé. Awakọ̀ á bú u, kò ní dáhùn. Ló bá di àbàrá, gbàà, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù! Lójú ẹsẹ̀, rẹ́díò á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Inú awakọ̀ á dùn, á ní òun ti tún un ṣe. Kò mọ̀ pé àbàrá tó gbá a yẹn kì í ṣe oògùn, ẹ̀rí ló fi gbà lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ̀rí wo nìyẹn? Ẹ̀rí pé nǹkan kan níbì kan ò dì mọ́ra mọ́ ni. Rẹ́díò tó ti kú pátápátá, bí wọ́n fi odó gún un, kò ní jí. Èyí tí àbàrá ń jí, wáyà kan ló ń kan ibi tó yẹ kó kàn, tó tún ń kúrò níbẹ̀. Àwọn ríwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, wọ́n ń pè é ní páṣíà kọ́ńtáàtì. Àwọn aráàlú ní tiwọn, wọ́n á ní rẹ́díò náà ń ṣe bíi NEPA. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti pa orúkọ NEPA dà, ṣùgbọ́n ìṣe ẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ká ní awakọ̀ kan wà ní Ilémọ̀nà, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní ìpínlẹ̀ Kwara, tó jẹ́ pé mọ́tò akérò ló fi ń jẹun. Ó ń ná Ọ̀fà, ó ń ná Àjàṣẹ́-Ìpo, bí ọjà bá sì yá, á gba Ìdófìán kọjá dé Ìlọrin. Kí ni rẹ́díò jẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé fàájì lásán ni, ẹ tún un rò. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, tí orin Odòlayé Àrẹ̀mú bá ti ń dún nínú mọ́tò kan ní gáréèjì, tí èkejì sì dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀, ẹ ti mọ èyí tí èrò máa kọ́kọ́ wọ̀. Lóde òní tó jẹ́ pé orí fóònù àti fláàṣì ni orin wà, bákan náà lọ̀rọ̀ rí. Ìròyìn ńkọ́? Harmony FM tó wà n'Ídófìán lórí 103.5 ń bẹ, àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́díò Ìlọrin náà ń bẹ. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò láàárọ̀ kùtù fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú kó tó dé iwájú. Rẹ́díò tó dákẹ́ lè ná èèyàn ju orin lọ.

Irú awakọ̀ yìí á wá gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ríwáyà tó kánjú. "Ọ̀gá ríwáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo rẹ́díò yìí, ó ń kú, ó ń jí." Ríwáyà á bẹ ojú wò ó lẹ́ẹ̀kan, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ní: "Àlájì, eléyìí ti lọ nìyẹn. Ẹ lọ ra òmíràn, kí n bá yín so ó." Owó á jáde lápò. Ẹ sì mọ̀ pé látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà náà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ohun tó bá ti òkè òkun wá ò ṣe é dá lábàá mọ́. Wọ́n á ra òmíràn, wọ́n á so ó, á kọrin dáadáa lọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mọ́tò á bọ́ sí kòtò kan, gbìn-ìn, rẹ́díò tuntun á tún dákẹ́! Kí lẹ máa sọ? Ṣé rẹ́díò tuntun náà ti bà jẹ́ ni?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo onímọ́tò mọ̀ nìyí: nínú ẹjọ́ rẹ́díò tó ń kú tó ń jí, rẹ́díò ni wọ́n máa ń mú, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun lọ̀daràn. Ojú ọ̀nà tí oúnjẹ ẹ̀ ń gbà ni wàhálà wà. Kí èèyàn tó ra òmíràn, ó yẹ kó rìn ín lọ láti orí bátìrì títí dé ẹ̀yìn rẹ́díò, kó máa wo ibi tó ti já.

Wáyà mẹ́ta ló ń bọ́ rẹ́díò. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ rẹ́díò tí wọ́n ń tà lọ́jà, bíi Pioneer, Kenwood, Sony àti JVC, yẹ́lò kan wà, pupa kan wà, dúdú kan wà. Yẹ́lò ló ń gba iná láti ara bátìrì tọ̀sán tòru, yálà kọ́kọ́rọ́ wà lára mọ́tò tàbí kò sí níbẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí rẹ́díò rántí aago àti ibùdó tẹ́ ẹ tò sí i. Pupa ò ní rí iná àfi tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, òun ló ń sọ fún rẹ́díò pé ọ̀gá ti wọlé, ó tó àkókò láti jí. Dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, òun ló ń dá iná padà sára irin mọ́tò, táá fi padà sí bátìrì. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá ṣe mẹ́lọ̀ọ́mẹ́lọ̀ọ́, rẹ́díò dákẹ́ nìyẹn. Àwọn tó kù, ìyẹn funfun, èyí tó jọ eérú, aláwọ̀ ewé àti elésè àlùkò, sípíkà ni wọ́n ń lọ, ẹjọ́ wọn yàtọ̀. Ẹ ṣáà rántí pé àwọ̀ ara rẹ́díò ọjà nìyẹn o. Wáyà tí mọ́tò fúnra ẹ̀ gbé wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè ní àwọ̀ mìíràn, ìdí nìyẹn tí ríwáyà gidi kì í fojú lásán so wáyà, tẹ́sítà ló fi ń wò ó.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mọ irú ikú tí rẹ́díò ń kú, nítorí ikú ò jọra. Bí iná ojú ẹ̀ àti ohùn ẹ̀ bá kú pa pọ̀, oúnjẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Bí iná bá wà lójú ẹ̀, tí kò sì sí ohùn, ẹ lọ wo sípíkà àti wáyà sípíkà. Ọ̀kan lára wọn lè máa kan irin mọ́tò, tí rẹ́díò á fi pa ẹnu ara ẹ̀ dé kó má baà jóná. Bí iná bá wà, tí ohùn sì ń ṣe ṣìì-ṣìì, tó ń lọ tó ń bọ̀, éríà lẹ bá wí, tàbí kẹ́ ẹ ti jìnnà jù síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn FM kì í gun òkè kọjá, kò sì sí ríwáyà tó lè tún ìyẹn ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé rẹ́díò ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, àmọ́ tó jẹ́ pé ní gbogbo òwúrọ̀ lẹ̀ ń tún aago ẹ̀ tò, tẹ́ ẹ̀ ń tún ibùdó wá, wáyà yẹ́lò ni kò rí iná lóru. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó na rẹ́díò lẹ́gba ọ̀ràn, éríà ló ṣẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ wo ìgbà tó máa ń kú. Ẹ wá bírò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ìgbà tí mọ́tò bá bọ́ sí kòtò ni? Nǹkan kan ló jò nídìí wáyà, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ́díò, tàbí ibi tí fíúsì jókòó sí. Ṣé ìgbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, tàbí tí ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ ń fì síwá sẹ́yìn? Suwíìṣì kọ́kọ́rọ́ ti jẹ. Ṣé ìgbà tẹ́ ẹ bá tan iná iwájú, tẹ́ ẹ fun fèrè, tàbí tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì? Ẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fura sí, tàbí bátìrì tí kò lágbára mọ́. Ṣé ìgbà tẹ́ ẹ bá fi ohùn sókè ni? Iná tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ò tó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ ni. Ṣé ìgbà tí oòrùn bá ti pa mọ́tò láti ọ̀sán? Èyí nìkan ló jọ pé inú rẹ́díò fúnra ẹ̀ ni wàhálà wà.

Bó bá wá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sítáàtì mọ́tò nìkan ló ń kú, tó sì ń jí padà bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbéra, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Mọ́tò máa ń gba iná lọ́wọ́ rẹ́díò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí sítátà lè rí i lò. Kò sí àìsàn níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀.

Ìdánwò ọ̀fẹ́ kan tún wà. Ẹ ki ṣájà fóònù sí ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú mọ́tò. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ihò yẹn àti rẹ́díò, fíúsì kan náà ni wọ́n ń lò, tàbí kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ran iná sí wọn. Bí rẹ́díò bá kú tí iná ṣájà náà kú pẹ̀lú ẹ̀, rẹ́díò ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn nìyẹn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ pebi pa. Ẹ tún yọjú wo inú ihò ọ̀hún. Owó ẹyọ tàbí bébà sìgá tó ń dán tó bá já síbẹ̀ lè máa jó fíúsì lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa bú rẹ́díò.

Ó wá kan iṣẹ́. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan rẹ́díò. Ẹ di orí bátìrì mú, kẹ́ ẹ yí i. Bí ọwọ́ lásán bá lè yí i, olè àkọ́kọ́ rèé o. Àwọn kan á ki ìṣó bọ àárín ẹ̀ kó lè há, ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, ẹ̀tàn ni. Bí ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti bò ó bí ìyẹ̀fun, iná ò ní kọjá dáadáa. Ẹ tú dúdú kúrò ṣáájú, kẹ́ ẹ tó tú pupa. Tẹ́ ẹ bá ń dá wọn padà, pupa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dè, kí dúdú gbẹ̀yìn. Ìdí ẹ̀ ni pé bí dúdú bá ṣì wà níbẹ̀ tí sípánà ọwọ́ yín sì kan irin mọ́tò níbi tẹ́ ẹ ti ń tú pupa, iná á ṣẹ́ jáde bíi mànàmáná. Ẹ bọ́ òrùka ọwọ́, ẹ má sì mu sìgá níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná. Omi gbígbóná díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì, sáńpépà, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ fún un le, kẹ́ ẹ fi gíríìsì ra òde ẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ́díò ló gba ìwòsàn níbí yìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú síkúrúù kan.

Ẹni tó bá ní mítà, kó wọn ín. Bátìrì tó kún, tí mọ́tò sì ti sinmi, á fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá kúrò lórí 12 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń dún, ọ́tánétọ̀ ò bọ́ bátìrì nìyẹn. Bó bá kọjá 15, àbọ́jù ló ń bọ́ ọ, rẹ́díò mìíràn á sì ti ara ẹ̀ pa kó má baà bà jẹ́. Rẹ́díò tó ń kú nígbà tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ epo gan-an, tó ń jí nígbà tẹ́ ẹ bá rọra ń lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Láti bátìrì, ó di fíúsì. Méjì ló máa ń wà, ọ̀kan nínú àpótí fíúsì mọ́tò, èkejì lẹ́yìn rẹ́díò gan-an, áńpù 10 tàbí 15 ló sì wọ́pọ̀ jù. Fíúsì lè má tíì jó, kó jẹ́ pé ibi tó jókòó sí ló ti gbẹ̀ tàbí tó ti dípẹtà. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó dúró gírígírí. Àmọ́ tó bá jó, tẹ́ ẹ fi òmíràn sí i tí ìyẹn náà tún jó, ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ má ká bébà sìgá lé e, ẹ má sì fi áńpù 30 sí ipò 10. Olóde ni fíúsì. Bí olóde bá pariwo olè, tẹ́ ẹ sì pa olóde, ta ni yóò jí yín lọ́jọ́ tí olè bá wọlé? Wáyà tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù kò lè gbé áńpù 30. Gbígbóná ni yóò máa gbóná lábẹ́lẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi yọ́, bí iná bá sì ṣẹ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í dúró dé àwọn panápaná.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń pa nípa ẹ̀. Lọ́dún 1930, ní ìlú Chicago l'Amẹ́ríkà, Paul Galvin àti àwọn èèyàn ẹ̀ gbé rẹ́díò mọ́tò tí wọ́n pè ní Motorola jáde, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ kí rẹ́díò mọ́tò di ọjà tó délé dóko. Wọ́n ní nígbà tí Galvin ń wá owó yá, ó so rẹ́díò mọ́ Packard ọ̀gá báńkì kan, kí ọkùnrin náà lè gbádùn ẹ̀, kó sì yọwó. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n so ó tán, ni mọ́tò ọ̀gá báńkì bá gbiná. Owó tí wọ́n ń wá ò jáde mọ́. Ọjọ́ ti pẹ́, rẹ́díò ti dára sí i, àmọ́ iná ò yí ìwà ẹ̀ padà láti ọdún 1930.

Ẹ́ẹ̀tì ló kàn, òun sì lọba àwọn ọ̀daràn. Ibi tí wọ́n fi síkúrúù de wáyà dúdú mọ́ irin mọ́tò lè ti dípẹtà, ó lè jẹ́ pé ọ̀dà ni wọ́n de é lé. Mọ́tò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà dé, tí wọ́n kùn ún, tó ń dán, tí rẹ́díò ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má wá àjẹ́ kankan. Ọ̀dà ti bo ojú ẹ́ẹ̀tì ni. Kí wọ́n fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin á fi funfun, kí wọ́n sì dè é padà kó le. Ẹ̀tàn kan tún wà níbí tó ti da ọ̀pọ̀ ríwáyà láàmú: bí wáyà dúdú bá já, rẹ́díò lè lọ yá ẹ́ẹ̀tì lára wáyà éríà, kó sì máa ṣiṣẹ́ ṣégeṣège. Ẹ yọ wáyà éríà lẹ́yìn ẹ̀. Bí ohùn nìkan bá lọ, kò burú. Bí iná ojú ẹ̀ bá kú lójú ẹsẹ̀, àṣírí tú, wáyà dúdú ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní mítà á fi ẹsẹ̀ kan sára irin rẹ́díò, á fi ìkejì sórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, á wá fi ohùn sókè. Kò yẹ kí ohun tó máa rí ju ìdajì fóòtì lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà àbọ̀ iná ti dí.

Ìgbà yìí ló wá tó kí wọ́n fa rẹ́díò jáde, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ohun tójú máa ń rí níbẹ̀ nínú mọ́tò tòkúnbọ̀ tó ti gba ọwọ́ ríwáyà mẹ́ta mẹ́rin kọjá, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Wáyà tí wọ́n fi eyín bó, tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí wọ́n fi tépù dúdú wé. Oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù tépù, tépù á tú, wáyà á máa fì. Bí mọ́tò bá mì, wọ́n á kan ara, wọ́n á tún kọ ara wọn sílẹ̀. Oríkèé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gé e kúrò, kí wọ́n so ó tuntun, kí wọ́n jó òjé sí i, kí wọ́n sì fi rọ́bà bò ó. Owó ẹ̀ ò tó ìdá kékeré lára owó rẹ́díò tuntun.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti rí bí wọ́n ṣe so yẹ́lò àti pupa. Ríwáyà tó ń yára á lọ́ àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ojú kan. Bó bá jẹ́ ojú tó ní iná nígbà gbogbo ni, rẹ́díò tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti pa á mu bátìrì gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tẹ́ ẹ pa tí wọ́n ṣì ń mu ún. Bó bá jẹ́ ojú tó ń tẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́ ni, ojoojúmọ́ ni rẹ́díò á máa gbàgbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ tò. Ẹ tún fetí sí èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa Volkswagen: nínú àwọn mọ́tò wọn kan, ipò tí yẹ́lò yẹ kó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi pupa sí, wọ́n sì fi yẹ́lò sí ipò pupa. Rẹ́díò ọjà tí wọ́n ki bọ̀ ọ́ láìpààrọ̀ wáyà méjèèjì á máa gbàgbé ibùdó, wọ́n á sì ní fèrèké ni.

Bí wọ́n bá ti wo gbogbo èyí tí rẹ́díò ò sì gbọ́, ẹ wá gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú mọ́tò pátápátá, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí wọ́n so yẹ́lò àti pupa mọ́ pọ́sítíìfù bátìrì tó dára, kí fíúsì wà láàárín, kí wọ́n so dúdú mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kí wọ́n so sípíkà kan mọ́ ọn. Kó kọrin fún wákàtí kan, kí wọ́n máa gbá a díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá dákẹ́, wọ́n dá a láre, inú mọ́tò ni kí wọ́n padà sí. Bó bá dákẹ́ níbẹ̀ náà, òun lọ̀daràn lóòótọ́. Òjé inú ẹ̀ ti lè là nítorí ooru àti ìmìtìtì, oníṣẹ́ rẹ́díò tó mọṣẹ́ lè jó o padà. Ìgbà tí ìyẹn náà bá kọ̀ ni kẹ́ ẹ tó máa sọ̀rọ̀ òmíràn.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta wà tí kò ṣe é fò. Èkíní, ọ̀pọ̀ rẹ́díò tòkúnbọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ló ní nọ́ńbà àṣírí. Bẹ́ ẹ bá ti tú orí bátìrì, á kọ CODE tàbí SAFE sójú, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà ọ̀hún. Ẹ wá a kẹ́ ẹ tó tú bátìrì. Ìkejì, nínú mọ́tò tó ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani là nígbà ìjàǹbá, sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò wà nídìí ṣíárìn àti lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Yẹ́lò yẹn kì í ṣe yẹ́lò rẹ́díò o! Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi tẹ́sítà kàn án, àpò náà lè bú jáde sójú èèyàn. Ìkẹta, nínú àwọn mọ́tò tuntun kan, kì í ṣe wáyà pupa ló ń jí rẹ́díò mọ́, kọ̀ǹpútà mọ́tò ló ń ránṣẹ́ sí i. Irú ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ní tẹ́sítà nìkan lọ́wọ́.

Báwo lèèyàn á ṣe wá mọ ríwáyà tó mọṣẹ́? Ẹ gbọ́ ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè. Ẹni tó mọṣẹ́ á ní: "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló máa ń kú? Ṣé iná ojú ẹ̀ náà ń kú? Kí ni wọ́n ṣe lára mọ́tò yìí kó tó bẹ̀rẹ̀?" Ẹni tó bèèrè mẹ́ta yìí, ẹ jókòó tì í, ẹ sì sanwó ẹ̀ láìjanpata, nítorí wíwá ibi tó ti já le ju síso ó lọ. Ẹni tí kò bèèrè nǹkan kan, tó jẹ́ pé "ẹ lọ ra òmíràn" ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ríwáyà, ẹ má pe àìsàn fún un, ohun tójú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ. Aláìsàn kì í kọ oògùn fún dókítà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ orin nìkan rèé. Bátìrì tó ń bọ́ rẹ́díò, òun náà ló ń bọ́ iná iwájú, wáípà, àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Orí bátìrì tó jò tàbí ẹ́ẹ̀tì tó dípẹtà, rẹ́díò ló lè kọ́kọ́ fi hàn, nítorí ara ẹ̀ ò gba ìyà. Ẹni tí kò bá gbọ́ tẹnu rẹ́díò, ẹ́ńjìnnì ni yóò sọ ọ́ fún un. Ó lè jẹ́ lóru, láàárín Ilémọ̀nà sí Àjàṣẹ́-Ìpo, kí iná iwájú ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kí mọ́tò sì dákẹ́ pẹ̀lú èrò nínú. Láyé tá a wà yìí, ta ló fẹ́ dúró lójú pópó lóru, kó máa fi tọ́ọ̀ṣì wá ibi tí wáyà ti já?

Torí náà, ẹ̀yin awakọ̀, bí rẹ́díò bá kú tó tún jí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dẹwọ́ àbàrá. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ di orí bátìrì mú.